Etí Yorùbá, Òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì

Aláṣọ kan kò sí ní ọjà Òṣogbo tí yóò mú ọ̀pá tí ó fi ń wọn aṣọ, kí ó fi wọn epo pupa. Síbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ pé àkójọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó láti fi dán ìgbọ́ràn àgbàlagbà Yorùbá wò, lẹ́yìn tí àwọn oníṣègùn bá ti fi iṣẹ́ abẹ gbé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sínú etí rẹ̀ tí ó ti di. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ẹ̀rọ náà. Graeme Clark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi irú rẹ̀ tí ó ní ojú púpọ̀ sí etí aláìsàn ní Melbourne, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ní ọdún 1978. Ó ń sọ ìró di iná mànàmáná, ó sì ń fi wáyà tín-ín-rín gbé e fún iṣan ìgbọ́ràn. Ojú tí iná náà ń gbà jáde kò pọ̀. 22 ni ó wà lára ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í gbọ́ kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì dáradára, ṣùgbọ́n ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ohùn a máa ṣòro fún un láti gbé. Ìwádìí láàárín àwọn tí ń sọ èdè Ṣáínà, tí òun náà jẹ́ èdè olóhùn, ti fi èyí hàn.

Kí wá ni Yorùbá láìsí ohùn? Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò di ọ̀kan náà. Ìyá tí ó yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì lè padà sí Òṣogbo, kí ọmọ rẹ̀ obìnrin wí pé, “Ọkọ̀ mi ti bàjẹ́,” kí ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́dùn nítorí ìwà àna rẹ̀. Ní ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun, onídùndún lè máa ki ìdílé rẹ̀, kí ó jẹ́ ariwo lásán ni yóò gbọ́. Ìwé àyẹ̀wò ní ó gbọ́ràn. Àwọn ará ilé rẹ̀ mọ̀ pé kò gbọ́.

Òṣùwọ̀n yìí kan náà lè rẹ́ ẹlòmíràn jẹ. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí Peterson àti Lehiste tún ṣe ní ọdún 1962, tí wọ́n ṣì ń lò ní Amẹ́ríkà, 50 ọ̀rọ̀ onísílébù kan ni ó wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, kọ́ńsónáǹtì ni ó sì parí gbogbo wọn. Sílébù Yorùbá kì í parí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ Iléṣà tí ó fi fáwẹ̀lì parí ọ̀rọ̀ náà, bí a ti ń pe búrẹ́dì àti kóòtù, lè pàdánù máàkì lórí ohun tí ó gbọ́ ketekete.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ lo Yorùbá, ó yẹ kí olùdánwò mọ ẹ̀ka-èdè. Ìjẹ̀ṣà tí ó pe ilé ní “ulé” kò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́.

Iṣẹ́ yìí kò ṣeé dá dá oníṣègùn. Ọwọ́ àwọn olùkọ́ Yorùbá ní Òṣogbo àti Iléṣà ni ó yẹ kí àkójọ ọ̀rọ̀ olóhùn àti gbólóhùn ojoojúmọ́ ti jáde, kí wọ́n sì gbé e fún àwọn onímọ̀ etí láti yẹ̀ ẹ́ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ka àmì ohùn sí ìyọnu inú gbọ̀ngàn ìdánwò, kí ó rántí pé ohun tí àmì náà dúró fún ni adití ń wá kiri.