TA NI YÓÒ FÚN OLÙTỌ́JÚ KÌNNÌÚN NÍ FÍRÍDỌ̀MÙ?

Ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, bí ọmọ bá ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, gbogbo ayé ló mọ bó ṣe ń rí. Á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á pọnmi, á di pákó mú kí ọ̀gá rẹ́ ẹ. Ó lè jẹ ìgbájú díẹ̀, àmọ́ ọjọ́ ń bọ̀. Lọ́jọ́ tó bá gba fírídọ̀mù, ìyá rẹ̀ á se ìrẹsì, wọn á gbàdúrà, ọmọ á sì lọ gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni láyé àwọn Òṣómàáló. Ọmọ tó ń ru aṣọ tẹ̀lé ọ̀gá láti abúlé dé abúlé, òun náà ló padà di olówò tó ń lóṣòó gba gbèsè.

Iṣẹ́ kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọgbà ẹranko ni.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti sanwó kí ọmọ yín bá tíṣà lọ wo ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ bi ọmọ náà: ta ló rí nídìí kìnnìún? Ọkùnrin tó gbé garawa ni. Ọkùnrin yẹn mọ ẹran tí kò jẹun lánàá, ó mọ èyí tó lóyún, ó mọ èyí tó kàn ń bínú lásán. Àmọ́ ó lè lo ogún ọdún níbẹ̀ kó má kúrò nídìí garawa. Àga ọ̀gá, ti ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí dókítà ẹranko ni. Bí kò bá sí ìwé ẹ̀rí, òṣìṣẹ́ kékeré kò lè kọjá di òṣìṣẹ́ àgbà. Kì í ṣe pé ìwé kò dára o! Ta ló fẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ oògùn máa gún ìnàkí lábẹ́rẹ́? Ṣùgbọ́n ṣé ogún ọdún ìmọ̀ kò wá tó nǹkan kan ni?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Nàìjíríà gbòmìnira ní 1960, síbẹ̀ láti 1963 títí di 1979, òyìnbó kan, Bob Golding, ló ṣe olórí ọgbà Ìbàdàn náà. Ó mọṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Àmọ́ àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún Aruna àti Imade, ìnàkí méjì tí tọmọdé tàgbà ń lọ wò, ta ló mọ orúkọ tiwọn?

Obìnrin náà ti jókòó lórí àga yẹn lẹ́yìn ìgbà náà: Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlájùmọ̀kẹ́ Mórẹ́nikéjì, ẹni tó ń jà fún akika tí wọ́n ń tà lọ́jà ẹran ìgbẹ́. Èyí dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ọ̀jọ̀gbọ́n ló gbà wọlé, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà garawa.

Ẹ má rò pé Amẹ́ríkà sàn jù. Ní San Diego, Belle Benchley wọ iṣẹ́ ní 1925 láti máa kọ ìwé owó. Nígbà tó fi máa di 1927, òun ló ń darí gbogbo ọgbà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1953. Orúkọ wo ni wọ́n kọ́kọ́ fún un? Akọ̀wé! Obìnrin ń ṣe ọ̀gá, wọ́n ń pè é ní akọ̀wé. Títí dòní, ibi púpọ̀ lọ́hùn-ún ló ń fẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ kí wọ́n tó gbà á. Ọmọ ta ló lè ṣe ìyẹn? Ọmọ olówó ni. Ìyá tó ń ta ata kò lè máa fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò gba kọ́bọ̀.

Garawa yìí kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 2024, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kìnnìún pa ẹni tó lọ fún un lóúnjẹ. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni ọkùnrin náà ti ń tọ́jú àwọn kìnnìún yẹn, láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn sínú ọgbà. Ó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko, kì í ṣe ẹni tó ṣèèṣì débẹ̀. Ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn ni kìnnìún ń rí. Kò mọ ẹni tó ń fọwọ́ sí fáìlì. Bí wọ́n bá wá ń ṣèpàdé lórí irú kọ́kọ́rọ́ tó yẹ àti iye ènìyàn tó yẹ kó dúró nídìí ilẹ̀kùn, ṣé wọ́n máa ń pe ẹni tó ń gbé garawa?

Ìjọba ń ṣe tíréèdì tẹ́ẹ̀sì fún bíríkìlà àti mẹkáníìkì. Wọn á wo ọwọ́ ẹni, wọn á fún un ní ìwé. Kí ló dé tí àwọn yunifásítì kò lè ṣe irú rẹ̀ fún olùtọ́jú ẹranko, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ẹni tó bá yege lè gòkè? Àbí yóò wọ́n ju ẹran tí kìnnìún ń jẹ lọ ni?