Omi Àlùwàlá àti Àárín Ìka Ẹsẹ̀



Nígbà òjò, ní Jeddo àti gbogbo agbègbè Warri yìí, ilẹ̀ kì í gbẹ, bàtà kì í gbẹ. Ẹni tí ó ṣe àlùwàlá Àsùbáà, tí ó ki ẹsẹ̀ tútù bọ ìbọ̀sẹ̀, tí ó sì wọ bàtà iṣẹ́ títí di Àlàásárì, inú omi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láti àárọ̀. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, awọ àárín ìka rẹ̀, pàápàá láàrin ìka tí ó kéré jù àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, lè di funfun, kí ó máa bó, kí ó máa yún, kí ó sì máa rùn.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni ó sábà máa ń fa èyí. Ìbátan olú inú igbó ni, àti ti ohun tí í hù lára búrẹ́dì tí ó bá bu. Ẹ̀dá ọ̀tọ̀ ni bakitéríà tí í fa eéwo. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun: lára fọ́ńgọ́ọ̀sì ni Alexander Fleming ti rí penicillin, tí ń pa bakitéríà, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1928. Lára bakitéríà inú ilẹ̀ sì ni obìnrin méjì, Elizabeth Hazen àti Rachel Brown, ti rí nystatin ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 1950. Òun ni a fi ń wo funfun tí í bo ahọ́n ọmọ-ọwọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó tú kápúsù, tí ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sí àárín ìka, ọ̀tọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ń ta lọ́fà.

Ìpara alápòpọ̀ tilẹ̀ lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí betamethasone tàbí clobetasol lára páálí rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ àfi bí dókítà bá ní kí ẹ lò ó. Yíyún yóò rọlẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́ńgọ́ọ̀sì lè máa tàn kálẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Clotrimazole nìkan, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó yẹ. Ẹ má ṣe dáwọ́ dúró ní ọjọ́ tí yíyún bá lọ.

Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ó bá nu omi àlùwàlá ti nu láádá rẹ̀ nù. Ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ onímímọ̀ gbà pé kò sí aburú nínú kí a nu ara. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pa Laqit ọmọ Sabirah láṣẹ pé kí ó máa fi ìka ya àárín ìka nígbà àlùwàlá. Ibi tí a ti mọ̀-ọ́n-mọ̀ mú omi dé, kí ni ó dé tí aṣọ gbígbẹ kò fi ní dé ibẹ̀?

Nítorí awọ tí ó bó yẹn, ilẹ̀kùn ni. Bakitéríà lè gba ibẹ̀ wọlé, kí ẹsẹ̀ wú, kí ó pọ́n, kí ó gbóná, kí ibà sì dé. Ilé-ìwòsàn ni ó kàn lọ́jọ́ náà gan-an. Níbẹ̀ ni oògùn bakitéríà ti wúlò. Fún ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ó lè yọrí sí gígé ẹsẹ̀. Bí Bàbá tàbí Ìyá kò bá lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, kí ọmọ bá wọn nu ẹsẹ̀ lẹ́yìn àlùwàlá, kí ó sì la àárín ìka wò dáadáa, nítorí ẹsẹ̀ tí àtọ̀gbẹ ti bá jà pẹ́ lè má mọ ìrora mọ́.