Ìwé Ni Wọ́n Ń Kà Ni, Àbí Máàkì?

'Kà' ni Yorùbá ń lò fún ìwé, 'kà' náà ni wọ́n ń lò fún owó. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń fi máàkì fa ojú akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ra kí wọ́n lè kàwé ti so méjèèjì pọ̀, ó sì dà bí ẹni pé èyí tí a ń kà bí owó ló ń borí.

Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti gbilẹ̀ jù. Ní nǹkan bí 1984 ni Judith Paul ní ìpínlẹ̀ Wisconsin bẹ̀rẹ̀ ètò Accelerated Reader. Ọmọ yóò ka ìwé, yóò dáhùn ìbéèrè lórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà yóò sì fún un ní máàkì. Iye ọ̀rọ̀ inú ìwé àti bí ó ṣe le tó ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ìwé Harry Potter àkọ́kọ́ ní máàkì 12. Ìwé tí kò bá ní ìbéèrè lórí ẹ̀rọ, òfo ni.

Bí wọ́n ṣe ń wọn líle ìwé gan-an ló yẹ kí olùkọ́ Yorùbá dúró wò. Gígùn gbólóhùn, iye lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ àti ipele àwọn ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹ mú òwe yìí: 'Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.' Kò sí ọ̀rọ̀ gígùn kan níbẹ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ ọmọ jẹ́léósinmi ni. Ẹ wá bi ọmọ ọdún 13 ní Ìgàndó ohun tó túmọ̀ sí, pàápàá bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá a sọ nílé. Inú òwe, inú àmì ohùn, inú ohun tí àgbà mọ̀ tí kò sọ, ni líle Yorùbá wà.

Kí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Alímọ̀ṣọ́ tó gba irú ètò bẹ́ẹ̀ wọlé, kí wọ́n bi ara wọn léèrè: ta ni yóò kọ ìbéèrè fún ìwé Fágúnwà, tàbí fún Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974? Bí kò bá sí, ọmọ tó ka Fágúnwà tán kò rí nǹkan gbà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì pẹlẹbẹ mẹ́ta ló gba ẹ̀bùn. Òfin tí Gómìnà Akínwùnmí Ambode fọwọ́ sí ní 2018 ní kí a máa kọ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ gbogbo ní Èkó. Ṣùgbọ́n ọmọ mọ ibi tí máàkì wà, ibẹ̀ ló ń sá lọ.

Kì í ṣe pé ẹ̀bùn burú o. Ní 2007 sí 2008, Roland Fryer ṣètò pé kí wọ́n san dọ́là 2 lórí ìwé kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní Dallas, òye wọn nínú ìwé kíkà sì sàn sí i. Ṣùgbọ́n ní 1973, Lepper, Greene àti Nisbett gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọdé tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Àwọn tí wọ́n ti ṣèlérí ìwé ẹ̀rí fún ṣáájú, nígbà tó yá, àkókò tí wọ́n ń lò nídìí àwòrán kò ju nǹkan bí ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tí wọ́n kàn fún lójijì kò yí padà.

Nítorí náà, bí olùkọ́ kan ní Ìkọ̀tún tàbí Ẹ̀gbẹ́dà bá fẹ́ yẹ́ ọmọ sí, kí ó fún un ní ìwé mìíràn láìṣèlérí. Owó ife ẹ̀yẹ àti ìwé ẹ̀rí aláràbarà tí wọ́n ń pín ní ìparí ọdún yóò ra ìwé díẹ̀. Kí ó sì jẹ́ kí ọmọ náà dúró níwájú kíláàsì, kí ó sọ ohun tó kà bí ẹni ń pàlọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń da ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé kọ fún olùkọ́, tí wọ́n á sì gba máàkì rẹpẹtẹ. Àwọn ẹgbẹ́ wọn kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Wọn yóò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.