Kí Ló Wà Ṣáájú 6G?



Iṣẹ́ ọwọ́ la fẹ́ sọ lóṣù yìí. Ní Houston, iṣẹ́ epo kò lè rìn láìsí àwọn tó ń jó irin pọ̀, àwọn wẹ́dà. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ náà ní Lone Star College-North Harris tí kò jìnnà sí wa ní Greenspoint. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ wa bá ti gbọ́ pé owó wà níbẹ̀, 6G nìkan ni wọ́n ń pè: ìdánwò páìpù tí wọ́n dè ní ìdàgẹ̀rẹ̀ 45 dígírì, tí kò gbọdọ̀ yí, ẹni tó ń jó o ni yóò yí i ká.

Ẹ gbọ́ ná, ṣé a kì í ka 1 kó tó kan 6 ni? Ní 1G, irin sùn gbalaja, èyí tó yọ́ kò rí ibi sá lọ. 2G, irin dúró, ojú ibi tí a ń jó lọ ní ìbú. 3G, ó lọ sókè, irin yíyọ́ sì fẹ́ ṣàn wálẹ̀. 4G, òkè orí ẹni ni. 5G, páìpù dùbúlẹ̀, kò gbọdọ̀ yí. Ní 6G, gbogbo wàhálà wọ̀nyẹn pàdé lára páìpù kan ṣoṣo. Ọwọ́ tó ṣì ń gbọ̀n ní 3G, kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?

Èyí tó dùn wá jù ni pé nǹkan wà ṣáájú 1G pàápàá. A ti rí ọmọ tí wọ́n ní iṣẹ́ kò sí lórí rẹ̀, tó sì fẹ́ pa á tì. Ọwọ́ rẹ̀ dára o! Téèpù ni kò lè kà. Wọ́n ní kó wọn 5/8 íǹṣì, kò mọ̀ pé ìlà 10 nínú 16 ni. Jíjó ni wọ́n ń tẹnu mọ́ fún un, wíwọn ni kò mọ̀.

Nílé, télọ̀ kì í gbé àlùmọ́gàjí fún ọmọṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní. Á kọ́kọ́ lọ aṣọ, á gán bọ́tìnì, á ká ìsàlẹ̀ ṣòkòtò. Gígé ló ń gbẹ̀yìn, torí aṣọ tí a bá gé bàjẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. (Àwa oníṣirò owó náà, ẹni tí kò mọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, a kì í fún un ní balance sheet.)

Nítorí náà, bí ọmọ bá ní òun ò lè ṣe é mọ́, ẹ má tíì pè é lọ́lẹ. Ẹ bi í pé: kí lèèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó débẹ̀? Ẹ máa bọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi kan èyí tí kò mọ̀, kẹ́ ẹ jókòó tì í níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá téèpù, ẹ wọn ilẹ̀kùn yàrá yín dé ìlà 1/16, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ó jọ wọn ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn.