“Ó Wà O!”: Ta Ni Ó Ń La Ọ̀nà Bọ́ọ̀sì ní Èkó?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ti wọ dáńfó rí ní Èkó, ẹ ó ti gbọ́ igbe yìí, bóyá ẹ̀yin náà sì ti ké e: “Ó wà o!” Gbólóhùn kékeré ni, ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà tí ó ń sáré bí ẹni tí a ń lé yóò tẹ bíréèkì. Èrò tèmi ni pé gbólóhùn yìí ti la ọ̀nà bọ́ọ̀sì ju bí ìjọba kankan ti là á lọ, àti pé àwọn tí ń ṣètò ọkọ̀ kò fi etí sí i tó.

Ẹ jẹ́ kí a ti inú èdè bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni oko wa. Kí ni ìtumọ̀ awakọ̀? Wíwà ni à ń wa ọkọ̀, àjẹ̀ ni a sì fi ń wà á. Orí omi ni ọ̀rọ̀ náà wà kí ó tó gun títì. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ará Ìkòròdú wá sí Èbúté-Èrò láyé àtijọ́. Orúkọ èbúté náà kò sì fi àwọn tí ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ pamọ́. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré tí wọ́n ń pè ní tíráàmù bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ìdó gba orí afárá Carter wọ Èkó. Ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1933. Bọ́ọ̀sì Zarpas gbòde, ìgbìmọ̀ ìlú Èkó sì rà wọ́n ní 1958, wọ́n di ti ìlú. Ṣùgbọ́n ìlú ń fẹ̀ ju bí bọ́ọ̀sì ìjọba ti lè tẹ̀ lé e lọ. Ta ni ó wá tẹ̀ lé e? Bọ́lẹ̀kájà, mọ́lùé àti dáńfó ni.

Ẹ wo bí ó ti ń rí. Ẹnì kan kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú. Lójoojúmọ́ ni ó ń ké “ó wà” níbi tí ọ̀nà ilé rẹ̀ ti yà kúrò lára títì. Aládùúgbò rẹ̀ ń ké e pẹ̀lú. Láìpẹ́, alágbàdo sísun yóò gbé àtẹ síbẹ̀, kọ̀ńdọ́ yóò sì máa pe orúkọ ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè. Ibùdókọ̀ dé nìyẹn! Ìyànà-Ìpájà, ibi tí wọ́n ti ń yà sí Ìpájà ni. Lónìí ọ̀pọ̀ tí ń sọ̀ níbẹ̀ kò ní ohunkóhun í ṣe ní Ìpájà. Ojúẹlẹ́gba, ojúbọ Ẹlẹ́gbára ni. Ìdí-Àràbà, igi ni. CMS, ilé ìtàwé àwọn oníwàásù òyìnbó ni. Cele, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni. Ẹ sọ fún mi, ọ́fíìsì wo ni wọ́n ti jókòó fún un lórúkọ?

Ní oṣù kẹta ọdún 2008 ni BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. N kò ní bú u. Ó ní ọ̀nà tirẹ̀, ó yára, ọ̀nà tí mọ́lùé ti tẹ̀ fún un ni ó sì tọ̀. Nígbà tí ó dé Ìkòròdú ní 2015, àwọn ọmọ èrò ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ ni ó tún lọ gbé. Ṣùgbọ́n ẹ ké “ó wà” nínú rẹ̀ kí ẹ wò ó. Yóò gbé yín kọjá ilé yín. Fún ọ̀dọ́ bí èmi, ìrìn padà kò ṣòro. Ìyá àgbà tí ó ra ẹ̀fọ́ ní Mile 12, tí ilé rẹ̀ wà nínú Yábàá lọ́hùn-ún, ńkọ́? Ọ̀kadà ni ì bá gbé e wọlé, ṣùgbọ́n ní 2020, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2022, ìjọba fòfin lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6. Mo mọ̀ pé ìjàǹbá pọ̀. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá náà ni ó ń ru òfin yẹn. Bọ́ọ̀sì kéékèèké tí ìjọba kó jáde ní 2021 láti máa ti àdúgbò jáde sí títì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé àwọn ni wọ́n fìwà jọ dáńfó.

Ẹlòmíràn yóò ní mò ń gbè sẹ́yìn jàǹdùkú. Ó tì o! Dẹ́rẹ́bà tí ó pe Ọ̀ṣòdì, tí ó já èrò sílẹ̀ lágbedeméjì kí ó lè gbowó lẹ́ẹ̀mejì, olè ni. Ọkọ̀ tí a fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀ kò yẹ kí ó gbé ewúrẹ́, áḿbọ̀sì ènìyàn. Ẹ gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ wọn bí ẹ bá fẹ́. Ìmọ̀ ẹnu kọ̀ńdọ́ ni kí ẹ má ṣe dà nù.

Ibí ni iṣẹ́ tiwa wà. À ń rin ọ̀nà jíjìn lọ gba ìjálá àti oríkì sílẹ̀, ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kò lè gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dúró ní Ọ̀ṣòdì láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ó gba ìpè kọ̀ńdọ́ sílẹ̀, kí ó bá ọkọ̀ lọ, kí ó sì kọ gbogbo ibi tí èrò ti ké “ó wà”? Kí ẹ̀ka wa gbé e fún àwọn aṣètò ọkọ̀ kí wọ́n tó fa ìlà mìíràn sórí ìwé. Ọdún tí ń bọ̀ ni èmi yóò kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi. Bí olùkọ́ kan bá gbà láti bójú tó o, mo ti ní orí-ọ̀rọ̀.