Ẹ Má Jẹ́ Kí Irin Parí sí Mile 2

Bí ọ̀rọ̀ réluwéè bá ti délẹ̀, fídíò ẹ́ńjìnì èéfín ayé àtijọ́ làwọn kan máa ń fi ránṣẹ́ sí wa: "Ẹ wo bó ṣe rẹwà!" Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń dúró de danfo ní Ìyànà Ìbà láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ẹwà kọ́ la ń wá. Ohun tí ẹ́ńjìnì fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn là ń wò.

Rocket tí Robert Stephenson àti bàbá rẹ̀ gbé lọ sí ìdíje Rainhill lọ́dún 1829 ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tipẹ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ páìpù tó ń gbé ooru iná gba inú omi kọjá, bíi tirẹ̀, ni àwọn ẹ́ńjìnì èéfín ńlá ń lò títí wọ́n fi kógbá wọlé. Nílé níbí ńkọ́? Wọ́n ṣe "River class" fún réluwéè Nàìjíríà lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Nígbà tí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ń wá ẹ́ńjìnì, ara àwòṣe yẹn ni wọ́n ti yọ "29 class" tiwọn. (Ẹ tún un kà: àwọn ló kọ́pì tiwa!)

Ṣùgbọ́n ogún tó le jù wà nílẹ̀, lábẹ́ táyà irin. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó lọ́dún 1896, mílímítà 1,067 ni wọ́n fi sáàárín irin méjèèjì. Gbogbo ẹ́ńjìnì tó gba orí rẹ̀, títí kan River class, ìwọ̀n yẹn ló ní láti bá mu. Nígbà tí ìjọba wá fẹ́ ìwọ̀n 1,435 láti Èkó dé Ìbàdàn, irin mìíràn pátápátá ni wọ́n tẹ́. 2021 ni wọ́n tó ṣí i.

Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ èyí. "Ẹ jẹ́ ká lò ó báyìí ná, a máa tún un ṣe." Ta ni kò tíì sọ ọ́ rí? Tó bá pẹ́, gbogbo nǹkan yòókù á ti dúró lé e lórí, ọwọ́ ò ní ká a mọ́.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù nípa Blue Line nìyẹn. Láti oṣù kẹsàn-án 2023 ló ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, iná mànàmáná ló sì ń lò. Okokomaiko ni ètò rẹ̀ dé, kìlómítà 27. Ibùdó kan wà nínú ètò náà tí wọ́n pè ní LASU, ẹnu ọ̀nà wa níbí gan-an.

Wọ́n ní ká ṣe sùúrù, pé ká kọ́kọ́ wọ danfo dé Mile 2. Hàn-ín! Ibi tó ń pa wá gan-an ni wọ́n fò yẹn. Bó bá pẹ́ sí i, páàkì, ọjà àti owó ilé á tò yí Mile 2 ká, Mile 2 á sì di 1,067 tiwa. Ẹ gbé ọjọ́ tí ìpele kejì máa parí síta, kẹ́ ẹ máa fi iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe hàn wá lóṣooṣù. Ìyẹn ò ju agbára ìjọba lọ.

Ẹ dákun, a ń bọ̀. Kọ́ńdọ́ ti ń pariwo: "Mile 2! Ẹ mú ṣéńjì yín dání o!"