Ìrìn-àjò Kùtọ́nù: Ó Yẹ Kó Kárí Gbogbo Wa

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí kíláàsì wa lọ sí Kùtọ́nù fún ẹsikọ́ṣọ̀n, mo sọ fún ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi pé ibà ló ń ṣe mí. Irọ́ ni mo pa. Ara mi le koko. Náírà 75,000 tí wọ́n ní ká san ni kò sí. Àkàrà ni màmá mi ń tà, àwa mẹ́rin la sì wà nílé-ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi lẹ́tà yẹn pamọ́ sínú báàgì, torí mo mọ̀ pé tí wọ́n bá rí i, wọn á lọ yá owó.

Ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni "ibà" mú. Nínú àwa 47, àwọn 14 péré ló lọ.

Kí ló wá gbé owó náà ga tó bẹ́ẹ̀? Mo bi àwọn tó lọ. Wọ́n ní òru méjì ni àwọn sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Bọ́ọ̀sì eléésì ni wọ́n gbà, wọ́n sì gba Èkó lọ sí Sẹ̀mẹ̀, gósílóò sì jẹ àárọ̀ wọn tán. Ẹni tó bá wọn ṣètò náà sì gbọ́dọ̀ jèrè tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, Ìlaròó la wà o! Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń kọ ní Porto-Novo, sún mọ́ wa ju Ìbàdàn lọ. Òun gan-an sì ni olú-ìlú Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe Kùtọ́nù. Ká gba Òwódé, ká gba Ìdíròkò, tí a bá ti dé Ìgòlò, a ti wọ Bẹ̀nẹ̀ nìyẹn. Ká jáde ní ìdájí, ká padà nírọ̀lẹ́. Kò sówó hòtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ rárá.

Mo ti béèrè ní gáréèjì. Awakọ̀ kan ní òun á gba 120,000 lórí bọ́ọ̀sì elérò 18. Tí akẹ́kọ̀ọ́ 16 àti olùkọ́ méjì bá wọ̀ ọ́, 7,500 ló kan akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló máa kó gbogbo kíláàsì.

Tí a bá ń dá 500 lọ́sẹ̀ láti táàmù kìíní, ọ̀sẹ̀ 24 á fún wa ní 12,000. Nínú 4,500 tó bá kù, a ó san owó àbáwọlé ibi tí a bá lọ. Ká gbé mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ láti ilé. Kí olùkọ́ kan ṣẹ́ owó gbogbo wa sí sẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn tó bá ti béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta.

Owó ìwé nìkan ni ká bẹ àwọn òbí wa fún. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa láyè láti wọ Bẹ̀nẹ̀ láìgba físà, fún 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́, àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, àti lẹ́tà òbí. Ká tètè ṣe é. Ìwé tí a bá fi kánjú ṣe, owó ló máa ń jẹ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní, "Ṣé ìyẹn náà ni ìrìn-àjò?" Òótọ́ ni, a ò ní rí Ganvié tí wọ́n kọ́ sórí omi, a ò sì ní dé etíkun. Mo gbà. Ṣùgbọ́n a ó rí ààfin àtijọ́ tó ti di mùsíọ́mù, a ó rí mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà kọ́, tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì. A ó bá àwọn ará ọjà sọ Yorùbá ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ níwèé. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Wọn ò sọ pé dandan ni kó sùn síbẹ̀.

Lójú tèmi, kí àwa 47 rí Àjàṣẹ́ fún ọjọ́ kan sàn ju kí ẹni 14 sun òru méjì ní Kùtọ́nù lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí lẹ́tà jáde ní táàmù kìíní, kí ẹ sì kọ ohun tí owó kọ̀ọ̀kan wà fún síbẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ dá 500 náà, kó kọ orúkọ rẹ̀ sọ́dọ̀ kápútẹ́ẹ̀nì kíláàsì. Orúkọ tèmi ti wà níbẹ̀.

Lọ́dún yìí, mi ò fẹ́ ṣàìsàn mọ́.

— Ọmọ ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, SS2